Ṣòkòtò Àgbàbọ̀ ní Kantamanto

Àwọn àgbà tí wọ́n ti wọ aṣọ gbó kí a tó bí àwa tí à ń tẹ fóònù ni wọ́n sọ ọ́ pé àgbàbọ̀ ṣòkòtò, bí kò fúnni lẹ́sẹ̀, a ṣoni. Rẹ́gírẹ́gí ni ohun ẹni ń bá ni mu. Òwe yìí ti pẹ́ láyé, kò sì tíì ya nídìí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ rí bí àwọn ọmọ ayé òde-òní ṣe gbé e wọ̀ sódì, tí iwájú rẹ̀ di ẹ̀yìn, kí onítọ̀hún wọ ọkọ̀ lọ sí Accra, olú-ìlú Gánà, kí ó sì béèrè ọ̀nà Kantamanto, ọjà òkìrìká ńlá tí ó wà lẹ́bàá ibùdó ọkọ̀ ojú irin, níbi tí nǹkan bí 30,000 ènìyàn ti ń jẹun lára aṣọ tí àwọn ará Yúróòpù, Amẹ́ríkà àti Ṣáínà bọ́ sílẹ̀, tí àwọn tí ń ṣírò rẹ̀ sì ń sọ pé ẹyọ aṣọ tí ó tó mílíọ̀nù 15 ni ó ń wọ ibẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Bí a bá fi ojú lásán wo Kantamanto, a ó rò pé ibẹ̀ ni òwe àwọn àgbà kú sí, nítorí pé ìwọ̀nba díẹ̀ ni ṣòkòtò tí ẹlòmíràn kò tíì kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ bọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọlọ́jà Kantamanto kì í yá aṣọ. Rírà ni ó ń rà á. Ìdì aṣọ tí wọ́n dì le kankan ni ó ń fi owó rà láìmọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, tí àwọn ọ̀dọ́bìnrin alábàárù tí wọ́n ń pè ní kayayei yóò sì fi orí rù ú gba àárín èrò kọjá. Nígbà tí wọ́n bá tú u, bí ó bá jẹ́ ẹ̀wù tí ó ti ya, tí epo sì ti bà jẹ́, olówó a mí kanlẹ̀, a ní orí ẹni ni í gbéni ko ọjà rere. Bí ó bá sì jẹ́ jíìnsì tí ó ṣì dán, tí síìpù rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, a rẹ́rìn-ín, a gbé e sí apá kan fún àwọn oníbàárà tí wọ́n mọ ohun tí ó dára. Lẹ́yìn èyí ni télọ̀ yóò gbà á, tí yóò dín ìdí rẹ̀ kù, tí yóò gé ẹsẹ̀ rẹ̀, tí ẹlòmíràn yóò rẹ ẹ́ sínú aró, tí ẹlòmíràn yóò sì fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ títí yóò fi dàbí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé. Bí oníbàárà bá ti san cedi rẹ̀ tán, ṣòkòtò náà ti di tirẹ̀, ará Jámánì tí ó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ kò lè wá kan ilẹ̀kùn ní ọ̀gànjọ́ òru kí ó wí pé, "Ẹ bọ́ ọ, òfin ilé wa ti yí padà."

Ọlọ́jà kan náà yìí, tí kò ní ra bẹ́líìtì láìfà á wò, tí kò ní gba owó bébà láìgbé e sókè sí oòrùn, ni ó máa ń gbé fóònù kọ́ orí ọ̀pá bí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ bá dé, tí yóò tan iná roboto síwájú rẹ̀, tí yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í polówó fún gbogbo ayé. Fóònù, àrẹ̀mọ àpò, ajímọ́nilọ́wọ́, abánisùn-má-sanwó-ilé, arántí-gbogbo lójú ọ̀gbẹ̀rì! Ibẹ̀ ni ó ti ń ta jíìnsì láti ọdún mélòó kan wá. Ibẹ̀ ni àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Kumasi àti Lọ́ńdọ̀nù ti mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ ni fídíò ìsọmọlórúkọ àkọ́bí rẹ̀ wà. Ibẹ̀ náà ni ohùn ìyá rẹ̀ tí ó ti papò dà wà, níbi tí ìyá náà gbé ń súre fún un, tí ó sì ń bú ọkọ rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ wá bi í pé, "Ọmọ mi, níbo ni ìwọ fúnra rẹ kó ẹ̀dà nǹkan wọ̀nyí sí?" Yóò wò yín tàánútàánú, yóò ní, "Bàbá, ẹ má ṣèyọnu. Gbogbo rẹ̀ wà lórí TikTok."

Lórí TikTok! Níhìn-ín ni ó ti yẹ kí a gbé òwe àwọn àgbà fún télọ̀ kí ó tún un rán. Ní ayé tiwọn, ṣòkòtò àgbàbọ̀ máa ń tú àṣírí ara rẹ̀: yóò fún ẹni tí ó wọ̀ ọ́ títí yóò fi máa ká ẹsẹ̀ rìn, tàbí kí ó ṣò ó títí yóò fi máa fi ọwọ́ kan dì í mú lójú agbo, ara rẹ̀ yóò sì máa sọ fún un ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan pé ohun olóhun ni ó wọ̀, tí òun náà yóò fi máa wá ọ̀nà àtirà tirẹ̀. Àgbàbọ̀ ti ìsinsìnyí kò fúnni, kò sì ṣoni. Àwọn tí wọ́n rán an ti wọn ẹsẹ̀ wa, wọ́n ti wọn ìdí wa, wọ́n mọ wákàtí tí a ń jí, wọ́n mọ ohun tí ń pa wá lẹ́rìn-ín àti èyí tí ń pa wá lẹ́kún. Rẹ́gírẹ́gí ni ó bá wa mu, ju èyí tí ìyá wa rà fún wa ní ọdún Kérésì lọ. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà, nítorí ẹni tí àgbàbọ̀ bá bá mu kì í rántí pé àgbàbọ̀ ni. Ọwọ́ ara wa ni a tilẹ̀ fi tẹ "mo gbà" sí ìwé àdéhùn tí ó gùn ju ọ̀nà Èkó sí Abidjan lọ, níbi tí olóhun ti kọ ọ́ ní gbangba pé òun lè ti àkáǹtì ẹni pa, òun sì lè pa iṣẹ́ òun tì. Wọn kò purọ́ fún wa. Àwa ni a kò kàwé.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025 ni ó da ọ̀rọ̀ náà sí ìta. Ní alẹ́ ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún, nígbà tí ẹnu kò tíì kúrò lórí "ẹ kú ọdún", iná ṣẹ́ yọ ní Kantamanto; iná tí kì í béèrè ẹrú, tí kì í béèrè ọmọ, a-kó-ọjà-má-san-kọ́bọ̀, ó jó di ọjọ́ kejì, ó sì sọ apá tí ó pọ̀ jù nínú ọjà náà di eérú, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọlọ́jà fi pàdánù ìsọ̀, ìdì aṣọ àti ẹ̀rọ ìránṣọ. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́, nítorí iná ti jó ibẹ̀ ní 2013 pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n iná ní èéfín. Gbogbo Accra rí i, gbogbo ayé gbọ́ ọ, àwọn kan dáwó, àwọn kan bá wọn sunkún, kò sì pẹ́ tí ìró òòlù fi ń dún níbẹ̀, tí wọ́n ń kan pákó tuntun.

Kò pé ogún ọjọ́ sí i, ní alẹ́ ọjọ́ 18 oṣù kan náà, TikTok ṣókùnkùn ní Amẹ́ríkà, nítorí òfin tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní 2024 pé kí ByteDance ti Ṣáínà tí ó ni ín tà á tàbí kí ó kó ẹrù rẹ̀. Kí òkùnkùn náà tó kùn, àwọn tí ń fi ijó àti ọbẹ̀ síse jẹun níbẹ̀ ń sáré kó ẹ̀dà fídíò wọn. Àwọn mìíràn kò kó nǹkan kan, wọ́n jókòó síwájú fóònù, wọ́n sunkún ìdágbére, wọ́n sì gbé fídíò ẹkún náà sórí TikTok. Ní ọjọ́ kejì ni ó padà tàn. Ẹ̀rín padà sẹ́nu, iṣẹ́ ẹ̀dà kíkó sì dúró gbọnin síbi tí wọ́n bá a dé.

Èyí tí ó dùn mí jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ti Facebook, nítorí pé kò pariwo rárá. Láti ọjọ́ 19 oṣù Kejì ọdún 2025 ni ilé-iṣẹ́ Meta ti pa á láṣẹ pé fídíò láìfù tí ẹnikẹ́ni bá ṣe kò ní lò ju 30 ọjọ́ lọ lójú-ewé rẹ̀ kí wọ́n tó pa á rẹ́, àti pé àwọn ti àtẹ̀yìnwá, tí a ti fi ọkàn sí pé inú àká ni wọ́n wà, yóò bá wọn lọ pẹ̀lú. Wọ́n ní àwọn yóò fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí olúkúlùkù, yóò sì ní 90 ọjọ́ láti fi kó tirẹ̀. Ẹ ronú sí ohun tí àwọn Yorùbá ti kó sórí láìfù yẹn láti ìgbà tí ó ti dé: ìgbéyàwó, ìwúyè, ìwàásù, òkú ìyá àgbà tí wọ́n sin ní Òṣogbo, tí ọmọ rẹ̀ ní Accra àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní Peckham wò láti ìgbà tí wọ́n gbé pósí jáde títí di ìgbà tí ẹgbẹ́ aláṣọ-ẹbí bẹ̀rẹ̀ sí í jà sí ìrẹsì, nítorí pé owó ọkọ̀ kò sí. Iná Kantamanto kò fún ọlọ́jà ní ìṣẹ́jú kan. Facebook fún wa ní oṣù mẹ́ta gbáko, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ náà bọ́ sí àárín ti ọjọ́-ìbí ọ̀rẹ́ àti ti ẹni tí ó fẹ́ràn àwòrán ẹ̀bà wa, a sì fi àtàǹpàkò gbá a sọnù. Ẹni tí iná jó ìsọ̀ rẹ̀ lè bú iná. Ta ni ẹni tí wọ́n fún ní àádọ́rùn-ún ọjọ́ fẹ́ bú?

Àwọn kan tún ń sọ pé ilé-iṣẹ́ ńlá kì í sọ ẹrù nù. Wọn kò gbọ́ ti MySpace, tí ìròyìn rẹ̀ jáde ní 2019 pé níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrù láti ẹ̀rọ kan sí òmíràn ni iṣẹ́ ọdún 12 ti ṣègbé, orin tí ó lé ní mílíọ̀nù 50. Bí ilé-iṣẹ́ kò bá sì sọ ọ́ nù, ìjọba lè tì í mọ́ni: àwa ọmọ Nàìjíríà rí i nígbà tí ìjọba ti Twitter pa láti oṣù Kẹfà 2021 títí di oṣù Kìn-ín-ní 2022.

Kò sì yẹ kí irú ìlélọ òjijì báyìí ṣàjèjì sí etí Yorùbá, pàápàá jù lọ ní Accra. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969 ni ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú wá a láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kí ó fi Gánà sílẹ̀. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, àwọn ará Ọ̀fà Ìyẹ̀rú Òkín, àwọn ará Èjìgbò, Ìnísà àti Ṣakí, tí wọ́n ti ń ṣòwò káàkiri ilẹ̀ náà láti ìgbà àwọn òyìnbó, ni wọ́n fi ìsọ̀ sílẹ̀, tí wọ́n fi gbèsè tí àwọn ènìyàn jẹ wọ́n sílẹ̀, tí wọ́n sì di ohun tí orí lè rù. Ẹni tí ó ti kọ́ yàrá méjì sílé kí ọjọ́ náà tó dé rí ibi wọ̀. Ẹni tí ó ti ń sọ pé "Gánà kò lè ṣe èyí sí wa" bá ẹbí gbé ní pálọ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ wọn ni wọ́n wá gbọ́n tó báyìí, tí wọ́n kó gbogbo dúkìá wọn sí ìlú kan tí kò ní ọba, tí kò ní ẹnubodè, tí àṣẹ ìlélọ rẹ̀ sì ń ti California bọ̀.

Kì í ṣe pé ọ̀nà kò sí. Google ti ṣí Takeout láti 2011 kí olúkúlùkù lè kó ẹrù rẹ̀. Facebook, Instagram àti TikTok náà ní ibi tí a ti ń béèrè ẹ̀dà àkáǹtì ẹni, ó wà nínú ètò àkáǹtì náà, kò sì gba ju kí a tẹ ibi díẹ̀ lọ. Òfin ààbò ìsọfúnni ẹni pàápàá wà lẹ́yìn wa: Gánà ṣe tirẹ̀ ní 2012, Nàìjíríà ṣe tirẹ̀ ní 2023. Bí a bá ti béèrè, wọn yóò di ẹrù náà fún wa, ó lè gba wákàtí, ó lè gba ọjọ́, wọn yóò sì fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé kí a wá gbé e kí ọjọ́ díẹ̀ tó kọjá, tí wọn yóò fi tún un kó nílẹ̀. Ibẹ̀ ni òmùgọ̀ ti pọ̀. Ẹlòmíràn béèrè, ó sùn, kò lọ gbé e. Ẹlòmíràn gbé e, ó kó o sí inú fóònù kan náà tí ó ń gbé sí àpò ẹ̀yìn nínú ọkọ̀ trotro, kí olè lè rí ojúlówó àti ẹ̀dà gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹlòmíràn kò tú u wò rí, kò sì mọ̀ bóyá fídíò ni ó wà nínú rẹ̀ ni o, àbí orúkọ fídíò lásán. Àwọn fídíò TikTok tí a ṣe tí a kò tíì gbé jáde pàápàá, orí fóònù nìkan ni wọ́n wà. Bí a bá yọ áàpù náà kúrò nítorí pé fóònù kún, wọ́n ti bá a lọ nìyẹn. Àwọn olùtẹ̀lé ńkọ́? Orúkọ wọn lásán ni ẹnikẹ́ni lè dì sínú ẹrù. Oníbàárà tí a kò gba nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ kì í ṣe oníbàárà wa, ti TikTok ni.

Bí mo bá jẹ́ ẹni tí ń ta jíìnsì ní Kantamanto, n ó kọ nọ́ńbà àwọn oníbàárà mi sínú ìwé, n ó sì ra fíláàṣì méjì, tí owó wọn kò ní pọ̀ ju ti ṣòkòtò díẹ̀ lọ, kí n fi kó ẹ̀dà fídíò mi. N kò ní gbé ìkankan sí ìsọ̀, nítorí a ti mọ̀wà iná ibẹ̀. Ọ̀kan á wà ní yàrá mi. Èkejì ni n ó fi lé awakọ̀ Abidjan tí ń gba Accra kọjá lọ sí Èjìgbò lọ́wọ́, kí ó fún ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n á tú u, á gbọ̀n ọ́n létí wò, á yí àpòòwé náà po lẹ́ẹ̀mejì, á sì pè mí pé, "Àbúrò, mo rí nǹkan dúdú tí o fi ránṣẹ́. Owó rẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, ẹ bá mi fi sínú àpótí yín. Owó á bá ọkọ̀ tí ó ń bọ̀ wá."