Orí Ẹlòmíràn Ni Oògùn Orí Fífọ́

Àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ó jọ pé kò sẹ́ni tó gbé ọkọ̀ lọ sí Ládípò rí nínú wọn. Ní ọjà yẹn, ní Mushin, orí bíbẹ́ ni oògùn àkọ́kọ́. Iná check engine tàn, wọ́n yọ brain box. Gíà ń ta kìjí, wọ́n yọ brain box. Ọkọ̀ kọ̀, kò jí, kí ẹnikẹ́ni tó yẹ wáyà earth tó ti dípẹtà wò, ọpọlọ ọkọ̀ ti wà lórí bẹ́ǹṣì. Ibi tí ríwáyà wa ti gbọ́n ju àwọn àgbà lọ ni pé kì í fi aláìsàn náà sílẹ̀ láìlórí: orí ẹlòmíràn ló ń wá fún un.

"Àlàájì, mo ti rí èyí tó bá a mu. Inú Corolla náà ló ti jáde. Ẹ yáa fi owó ránṣẹ́ kí wọ́n tó tà á."

Corolla náà! Èyí tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà ní 2004 àti ti 2006, ẹni tó dúró létí títì kò lè fi bẹ́ẹ̀ dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Ti 2004, wáyà irin ló ti ìdí tọ́tù lọ ń ṣí ẹnu ẹ́ńjìnnì fún afẹ́fẹ́. Nígbà tó di ti 2005, Toyota yọ wáyà irin náà kúrò. Sẹ́ńsọ̀ ló ń jíṣẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀ fún brain box, brain box á sì fi ẹ̀rọ kékeré kan ṣí ẹnu ọ̀hún. Ẹ wá gbé ọpọlọ 2006 sínú ọkọ̀ 2004. Títí ilẹ̀ á fi ṣú, yóò máa retí iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò rán sí i.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní òun á ra ti ọdún kan náà. Ó dáa. Ìlú wo ló ti wá? Láti oṣù kẹsàn-án 2007, òfin Kánádà ni pé gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun gbọ́dọ̀ ní immobilizer, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń bi kọ́kọ́rọ́ léèrè orúkọ kó tó gbà kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́. Jámánì ti sọ ọ́ di dandan láti 1998. Amẹ́ríkà kò sọ ọ́ di òfin rárá; ilé iṣẹ́ tó bá wù ló ń fi sí i. Ọkọ̀ méjì lè bá ọkọ̀ ojú omi kan náà gúnlẹ̀ ní Àpápá, kí orúkọ, ọdún àti àwọ̀ wọn dọ́gba, kí ọ̀kan máa bi kọ́kọ́rọ́ léèrè, kí èkejì má mọ̀ pé ìbéèrè kankan wà. Gbé orí ti àkọ́kọ́ fún èkejì: ẹ́ńjìnnì lè jí, á sì kú lójú ẹsẹ̀. Ríwáyà á nu ọwọ́ rẹ̀, á ní, "Bátìrì yín ló ti rẹ̀, Àlàájì."

Ìgbà kan wà tí ọkọ̀ kì í bi ẹnikẹ́ni léèrè. Volkswagen ìjàpá tí wọ́n ń tò ní Ọ̀jọ́ láti 1975, ibi yòówù kí a ti rí ẹ̀yà ara rẹ̀, bí nọ́ọ̀tì bá ti wọlé, ọ̀rọ̀ parí. Ìgbà yẹn la ti kọ́ ìwà tí à ń hù lónìí. Ṣùgbọ́n ní 1986, ní Detroit, ilé iṣẹ́ Bosch ti Jámánì fi CAN han àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ: wáyà méjì tí a lọ́ mọ́ra, tí ẹ́ńjìnnì, gíà, bíréèkì àti dáṣíbọ́ọ̀dù jọ ń gba orí rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ní ìparí wáyà náà lọ́tùn-ún lósì, wọ́n fi resistor 120 ohm sí i. Ẹni tó bá yọ bátìrì, tó fi mítà wọ̀n ọ́n, gbọ́dọ̀ rí bí 60. Tó bá rí 120, apá kan ti já nìyẹn, kò sì sí brain box Ládípò tó lè wò ó sàn. Mítà tó ń ṣe iṣẹ́ yìí kò wọ́n. Sùúrù ló wọ́n.

Àwọn kan kò tiẹ̀ dúró lórí orí, ọkàn ni wọ́n ń pààrọ̀: ẹ́ńjìnnì Toyota sínú Golf. Brain box Bosch inú Golf ti mọ́ sí kíka eyín irin róbótó tó ń bá crankshaft yí: àyè eyín 60, méjì sófo. Ti ọ̀pọ̀ Toyota, àyè 36, méjì sófo. Àyè tó ṣófo yìí ni ọpọlọ fi ń mọ ibi tí písítìnì dé. Ẹni tó ń retí eyín 58 ka 34, ó ṣìnà, kò sì tanná sí pílọ́ọ̀gì kankan.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ wà ní Ládípò kan náà yẹn o. Wọ́n á ka nọ́ńbà 89661 tí Toyota kọ sára brain box, wọ́n á ka èyí tó tẹ̀lé e. Lára ọ̀pọ̀ Toyota, wọ́n á fi wáyà kékeré so ihò 4 mọ́ ihò 13 níbi tí wọ́n ń ki ẹ̀rọ scan bọ̀, wọ́n á ṣí kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30, kí orí tuntun àti immobilizer lè gbà láti mọ ara wọn. Ṣùgbọ́n irú wọn máa ń gba owó àyẹ̀wò, owó àyẹ̀wò ló sì ń dun àwa oníbàárà jù. Àyẹ̀wò kò ṣeé gbé dání. Orí la rí, orí la ó sanwó fún.

Àwọn oní-upgrade ni mo gba fún jù lọ. Mercedes C300 ti 2008 ni, ṣùgbọ́n ìgbéyàwó àbúrò ìyàwó ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ó gbọ́dọ̀ di 2012. Wọ́n tú ojú rẹ̀, wọ́n gbé ojú tuntun sí i, iná LED ń kọ mànà. Ọpọlọ 2008 kò mọ ojú náà rí. Ó wá gílóòbù rẹ̀ àtijọ́ tì, ó bẹ̀rẹ̀ sí ké lórí dáṣíbọ́ọ̀dù: iná ọ̀tún kú, iná òsì kú. Wọ́n ra dáṣíbọ́ọ̀dù tó bá ojú mu, ìyẹn náà gbé ẹjọ́ tirẹ̀ dé. Níbi tí wọ́n ti ń tú u, wọ́n ba brain box airbag jẹ́, wọ́n ra òmíràn tó jáde lára ọkọ̀ tó ti forí sọgi. Ìjàǹbá ọjọ́ náà ṣì wà nínú ìrántí rẹ̀, ó ti tì pa, iná airbag kò sì kú mọ́. Èyí nìkan ni ríwáyà kò wá orí fún. Ó tú gíláàsì dáṣíbọ́ọ̀dù, ó fi téèpù dúdú bo iná náà látinú.

Ìgbéyàwó kọjá, Àlàájì gbé ọkọ̀ náà sọ́jà. Ọjọ́ Sátidé ni oníbàárà tó fẹ́ rà á dé. Ó jókòó, ó jí ẹ́ńjìnnì, ó wo dáṣíbọ́ọ̀dù, kò rí iná kankan. "Ọkọ̀ yìí mọ́ o!" ló wí. "Àlàájì, ẹ gba àsansílẹ̀ lọ́wọ́ mi kí ẹlòmíràn tó rí i."