Oríkì Àwọ̀n Tó Ròde Malete

Àwọ̀n o! Àjàní! Àwọ̀n, ọkọ afẹ́fẹ́!
Ọmọ nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tí wọ́n pín lọ́fẹ̀ẹ́,
Ọmọ ọ̀pá mọ́ọ̀pù tó kọ iṣẹ́ ilé, tó lóun di ọdẹ.
Baba rẹ nulẹ̀ dán, ìyá rẹ lé ẹ̀fọn títí ilẹ̀ fi mọ́;
Ìwọ lo jáde nínú ìran yín, tó o mú òfo bọ̀ láti oko labalábá.

O ní ìbátan ni ìwọ àti àwọ̀n Torben Larsen, tó kó labalábá Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sínú ìwé ńlá ní 2005. Ìbátan náà ni: ẹ jọ lẹ́nu.

Akin tó wọkọ̀ Malete láti Ìlọrin láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì KWASU. Wọ́n bi ọ́ pé odò wo lo ń lọ pẹja. O ò fèsì, ọlọ́lá kì í bá gbogbo ayé sọ̀rọ̀. A rí Shao lókèèrè, níbi tí wọ́n ti ń fa ìyàwó rẹpẹtẹ fọ́kọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ìwọ, ẹyọ kan péré là ń wá fún ọ, o ò rí i gbé.

A ò kúkú dá a láṣà pé Papilio antimachus là ń wá, ọba labalábá tí onímọ̀ kòkòrò Drury kọ nípa rẹ̀ ní 1782, tí ìyẹ́ rẹ̀ lè fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 23. Igbó kìjikìji nilé tìyẹn, ọ̀dàn ni Malete. Charaxes epijasius, ọmọ ọ̀dàn, onírù méjì méjì, là ń bá kiri. Kì í ṣe ẹni òdòdó. Omi èso tó ti kẹ̀ ló ń mu. A sì gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ti rà dání.

Òjò dé. Ewúrẹ́ jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó pọ́nnu lá.

Oòrùn ni labalábá fi ń yá ara kó tó fò. Bójú ọjọ́ bá ṣú, abẹ́ ewé ló ń wà, a pa ìyẹ́ dé. (Nínú gbogbo ẹni tó wà nínú pápá lọ́jọ́ náà, òun nìkan ló gbọ́n, bí n ò tilẹ̀ rí i sójú.)

Àwọ̀n, a-sẹ́-òjò-bí-ẹni-sẹ́-ògì!
A-fò-fẹ̀rẹ̀-mú-atẹ́gùn!
Wọ́n ní labalábá tó dìgbò lẹ̀gún, aṣọ rẹ̀ á fàya;
Labalábá gbọ́, ó jókòó jẹ́ẹ́.
Ìwọ lo dìgbò lẹ̀gún, ìwọ laṣọ rẹ fàya dé ìdí!
Tata kan ṣoṣo yà ọ́ nílé,
Ó wọ̀tún, ó wòsì, ó gbojú ihò jáde bí onílé.

Gbórí sókè, Àjàní! Ẹni tó ki ọ́ tó báyìí, ó yẹ kó gbowó. Ṣùgbọ́n má kówó náà sí ikùn rẹ gbé e wá o, mo rí ọ̀nà tí tata gbà. Fún ọ̀pá mọ́ọ̀pù kó mú un wá.