Oríkì Ṣáà-Máa-Ṣe-É, Ọba Aláìnídìí

Ṣáà-Máa-Ṣe-É o, mo kí ọ!
Ọmọ Ọ̀gá-ló-ní-ká-ṣe-é,
Ọmọ Má-bèèrè-ìdí.
Ọba aláìnídìí tó gorí àga,
Ó gorí àga tán, kò rí ohun tí yóò fi jókòó.

Ìwọ náà lo rán wa jáde lọ́jọ́sí. Ilé-iṣẹ́ kan ní Ìsọlọ̀ ni mo ti ń jẹun. N kò ní dárúkọ rẹ̀, torí owó oṣù. Wọ́n ní ká fẹsẹ̀ rìn láti Òṣòdì dé Ìyànà Ìsọlọ̀, ká ka gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó ń ta ẹlẹ́rìndòdò. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí la fẹ́ fi iye wọn ṣe?" Ọ̀gá ò tilẹ̀ gbójú sókè: "Ṣáà máa ṣe é." Kábíyèsí, orúkọ rẹ ni wọ́n pè yẹn. Gbogbo wa dọ̀bálẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé ọjà la fẹ́ máa já fún wọn, nọ́ńbà fóònù ìyá oníṣọ́ọ̀bù ni à bá gbà. Bó bá jẹ́ pátákó ìpolówó la fẹ́ rì, ibi tí èrò ń kọjú sí nígbà tí gosiló bá dá wọn dúró ni à bá wò. Kí ló kàn wá kan ṣọ́ọ̀bù? Bó bá sì jẹ́ ilé ìkẹ́rùsí la ń wá, à bá wo àdúgbò tí tírélà lè wọ̀, tí àgbàrá ò ní ya wọ̀. Iṣẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lo dì sẹ́nu ẹyọ ọ̀rọ̀ kan.

Aláìnídìí, ọkọ àwọn ọ̀gá!
A-bá-ìdí-ṣọ̀tá bí ẹni tí ìdí jẹ ní gbèsè.
Wọ́n ní kí o tú ìdí iṣẹ́,
O ní ìdí kì í ṣe ohun tí à ń tú níta gbangba.
Ìdí ni gbogbo ayé ti ń gun igi,
Ìwọ ní ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ewé.
Ìlẹ̀kẹ̀ kún àpò rẹ wọ̀ǹtìwọnti,
Ìdí tí wàá so ó mọ́ ni ò sí.
A-fi-WhatsApp-jí-ni-lóru, mo túúbá.

Ní Òṣòdì kan náà ni FIIRO wà, ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1956. Àwọn tó ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ gàrí níbẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń wá: bíbó ẹ̀gẹ́, rírin ín, fífún un, yíyan án, ọwọ́ àti ojú àwọn ìyá wa ló ń jìyà rẹ̀. Lóṣù kìn-ín-ní ọdún 2009 pàápàá, nígbà tí ìjọba Fáṣọlá, gómìnà Èkó ìgbà náà, palẹ̀ àwọn ìsọ̀ ojú ọ̀nà Òṣòdì mọ́, ẹni tí wọ́n wó tirẹ̀ ń sunkún, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé kí ọkọ̀ lè ráyè kọjá ni wọ́n ṣe wó o. Ẹni tó bá gbọ́ ìdí lè bá a jiyàn. Ta ló fẹ́ bá ìwọ jiyàn, Kábíyèsí?

Ká fi ẹ̀fẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀. Oòrùn pa wá. Aboyún wà láàárín wa tó ń fo kòtò. A kó ìwé dé, ọ̀gá wò ó fìrí, ó ní bí òun ṣe fẹ́ ẹ kọ́ nìyí. Báwo lẹ ṣe fẹ́ ẹ? Nígbà wo lẹ sọ ọ́? Ẹ fi àárẹ̀ wa ṣẹ̀sín, ẹ tún ní a ò lópolo!

Ó tó. Ṣáà-Máa-Ṣe-É, dìde ká sìn ọ́ sọ́nà. Tèmínà mẹ́ta tí wọ́n ṣí ní 2019 rèé ní Òṣòdì, o ò mọ èyí tí wàá wọ̀. A mú ọ dé ìdí dáńfó. Kọ̀ńdọ́ ń ké "Sẹ́lẹ̀! Máìlì Túù!" Ó ní, "Bàbá, ibo lẹ̀ ń lọ?" O ní kí wọ́n ṣáà máa lọ. Èrò ń ti ara wọn lẹ́yìn rẹ, kọ̀ńdọ́ fọwọ́ gbá ara ọkọ̀: "Bàbá, ẹ sún ìdí wọlé jàre!"

Aláìnídìí, èwo ni wàá sún?