Ẹ Wo Ilé Kí Ẹ Tó Sọ Pápá Lórúkọ

Láàárín ọdún 2010 sí 2019, ìjọba pa orúkọ pápá ìṣeré ńlá mẹ́ta dà ní Nàìjíríà. Liberty ti Ìbàdàn di Obafemi Awolowo, Liberation ti Elekahia ní Port Harcourt di Yakubu Gowon, ti Abuja náà di Moshood Abiola. Èmi ò bá àwọn tó ni orúkọ jà o. Gowon ló dá Ìpínlẹ̀ Rivers sílẹ̀ ní 1967. Ẹni tó bá sì ní orúkọ Awolowo kò yẹ Ìbàdàn, kó jáde ká rí i. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé nínú gbogbo ìsọmọlórúkọ yìí, kò sí orúkọ kan tó hu koríko. Liberty níbi tí Dick Tiger ti na Gene Fullmer lójú gbogbo ayé ní 1963, ṣé orúkọ ló kù tó ń jẹ ẹ́ níyà?

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ: ẹni tó mọ bí ilé òun ṣe rí ló ń mọ orúkọ tó bá ọmọ òun mu. Àwọn tó ń ṣètò pápá fún wa ti yí òwe náà sódì. Orúkọ ni wọ́n ń kọ́kọ́ wá, agbaṣẹ́ṣe ló tẹ̀ lé e, ilẹ̀ ló gbẹ̀yìn. Ọmọ gan-an, ẹni tí yóò sáré lórí pápá, kò sẹ́ni tó béèrè ibi tó ń gbé.

Ẹ jẹ́ ká dúró ní Port Harcourt. Nítorí Àjọ̀dún Eré Ìdárayá Orílẹ̀-èdè ti 2011, ìjọba Rivers kọ́ pápá tó gba èèyàn 38,000, wọ́n sì sọ ọ́ ní Adokiye Amiesimaka. Orúkọ yẹn dùn mọ́ mi dénú. Agbẹjọ́rò tó ń fẹsẹ̀ òsì dá bírà, tí àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ń pè ní Adájọ́ Àgbà, tó wà nínú ikọ̀ tó na Algeria ní 3-0 ní Sùúrùlérè lọ́dún 1980 tí ife Áfíríkà fi di tiwa! Ta ni kò ní fẹ́ kí ọmọ òun jọ ọ́? Àmọ́ ibo ni wọ́n kọ́ ilé ọmọ náà sí? Ọ̀nà Igwuruta lọ́hùn-ún, nítòsí pápákọ̀ òfurufú Omagwa. Ẹni tó bá wọ bàálù wá gbá bọ́ọ̀lù, ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn púpọ̀.

Elelenwo wà ní ìhà kejì ìlú, ní Obio/Akpor, níbi tí ojú irin tó lọ sí Aba gbà kọjá. Àwọn ọmọ ibẹ̀ náà fẹ́ jọ Amiesimaka. Kí wọ́n tó dé pápá tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, wọn a wọ kẹ̀kẹ́, wọn a wọ bọ́ọ̀sì, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ a mú wọn, owó ọkọ̀ a sì jẹ owó oúnjẹ. Bí wọ́n bá tilẹ̀ débẹ̀, ta ni yóò ṣí géètì pápá ẹlẹ́ni 38,000 fún ọmọ mẹ́wàá tó gbé félélé dání? Ojú títì ló kù fún wọn, bó ṣe kù fún ọmọ gbogbo àdúgbò ní Nàìjíríà: òkúta méjì níhìn-ín, sálúbàtà méjì lọ́hùn-ún. Ẹnì kan a pariwo pé "Mọ́tò!", gbogbo wọn a yà bàrá, ọkọ̀ a kọjá, eré a tún bẹ̀rẹ̀. Gómìnà kankan kò wá ṣí pápá yìí, síbẹ̀ kì í ṣófo.

Bí a bá wá ní kí ìjọba ṣètò ọgbà ìdárayá fún Elelenwo lónìí, mo lè sọ ohun tí wọn yóò gbé wá láì dé ìpàdé. Wọn yóò gbé àwòrán aláràbarà jáde látinú kọ̀ǹpútà, ọmọ òyìnbó ń gun kẹ̀kẹ́ lábẹ́ igi tí kì í hù ní Áfíríkà. Àga tìmùtìmù yóò wà fún àwọn lọ́balọ́ba, yàrá gómìnà yóò ní ẹ̀rọ amúlétutù. Omi ńkọ́? Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ńkọ́? Ìyẹn di ìpele kejì, a ó máa retí rẹ̀ títí ìjọba yóò fi yí padà.

Ìṣirò pápá tó bá àwọn ọmọ mu kò sì le rárá. Pápá bọ́ọ̀lù tó pé jẹ́ mítà 105 sí 68, èèyàn 22 ló sì ń sáré nínú rẹ̀. Pápá kékeré ẹlẹ́ni-márùn-ún jẹ́ mítà 40 sí 20. Mẹ́fà irú rẹ̀ á wọ inú ńlá kan ṣoṣo, àyè ìrìn á sì kù. Ọmọ 60 á máa gbá bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kan náà. Òjò tó ń rọ̀ ní Port Harcourt lé ní mílímítà 2,000 lọ́dún, nítorí náà kí ẹni tó ń ya àwòrán tó yan àwọ̀ àga, kó kọ́kọ́ sọ ibi tí àgbàrá máa gbà jáde.

Ará Rivers nìkan kọ́ ni mo ń bú. Ní Èkó tiwa, wọ́n bẹ̀rẹ̀ pápá Teslim Balogun ní 1984, ó di 2007 kí wọ́n tó ṣí i. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ bí lọ́dún ìbẹ̀rẹ̀ ti hu irùngbọ̀n kó tó rí ẹnu géètì. Ibo ni wọ́n sì kọ́ ọ sí? Ẹ̀gbẹ́ Pápá Orílẹ̀-èdè Sùúrùlérè, tó gba Ìdíje Gbogbo Áfíríkà lálejò ní 1973, tí ikọ̀ Super Eagles sì ti fi sílẹ̀ tipẹ́. Pápá ńlá méjì ń wojú ara wọn, nígbà tí Ajegunle, tó fún wa ní Samson Siasia àti Taribo West, ń gbá tirẹ̀ lórí iyanrìn. Èyí kì í ṣe àìmọ̀kan mọ́, ìwà ìkà ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ ní Port Harcourt, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé téèpù dání lọ sí Elelenwo nírọ̀lẹ́ Sátidé. Ẹ bi àwọn ìyá ibẹ̀ léèrè ilẹ̀ tí ọmọ wọn lè fẹsẹ̀ rìn dé láì sọdá títì márosẹ̀. Ẹ gbẹ́ gọ́tà sí i, ẹ fa omi wọ̀ ọ́, ẹ gbin igi tó ní ibòji, kí ẹ sì kọ owó oṣù ẹni tí yóò máa gé koríko rẹ̀ sínú ìṣúná ọdọọdún. Lẹ́yìn ìyẹn, orúkọ tó bá wù yín ni kí ẹ sọ ọ́. Bó bá jẹ́ orúkọ ara yín náà ni, àwọn ọmọ yẹn kò ní ráyè ka pátákó.