Ọmọ Ìyá Alákàrà Lọ Ṣiṣẹ́ Ọ̀fẹ́

Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin ìyàwó ilé, ṣùgbọ́n kó má dé iwájú ilé o. Ṣé ẹ mọ ọmọ Ìyá Alákàrà, èyí àárín, tó máa ń rìn bíi pé wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀? Tíátà ló lóun fẹ́ ṣe. Ló bá wá ẹgbẹ́ òṣèré kan lọ nínú Ìbàdàn níbí, àwọn tó láwọn ò ṣe é torí èrè, ó ní òun á bá wọn ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ fóṣù mẹ́ta. Wọ́n ní àwọn á kọ́ ọ ní iná orí ìtàgé.

Iná kẹ̀! Ọjọ́ kẹta ni mo pàdé rẹ̀ ní Dùgbẹ̀, àpò píọ̀ wọ́tà méjì lórí, ó ń làágùn bí ẹni ń gúnyán. Ọmọ àbúrò ọ̀gá, tí wọ́n jọ dé lọ́jọ́ kan náà, ló wà nídìí iná. Agùnbánirọ̀ ibẹ̀, tíjọba ń san 77,000 náírà fún lóṣù, jókòó sábẹ́ fáànù, ó ń tẹ fóònù. Ìyá ọmọ ló ń fowó ẹ̀wà san owó ọkọ̀ rẹ̀. Àkàrà wá kéré bíi bọ́tìnnì; mo rò pé ẹ̀wà ló wọ́n ni, àṣé tíátà ni.

Bàbá onílé ní ṣebí bẹ́ẹ̀ làwọn náà ṣe kọ́ṣẹ́ télọ̀, àwọn fọṣọ ọ̀gá. Mo ní: Bàbá, ta ló ń bọ́ yín nígbà náà? Ṣé ẹ ò mọ ọjọ́ tẹ́ ẹ máa gba fírídọ̀ọ̀mù ni? Wọ́n bá ń wá gíláàsì wọn kiri.

Ògúǹdé gan-an, ọlọ́pàá tó dá ẹgbẹ́ tíátà sílẹ̀ ní 1945, nígbà táwọn òṣèrébìnrin ò dúró tì í, ṣe ló ń fẹ́ wọn níyàwó. Wọ́n lé ní mẹ́wàá! Owó-orí di owó-oṣù. Èmi ò ní kí ọ̀gá yìí fẹ́ ẹnikẹ́ni o, kó ṣáà san owó ọkọ̀.

Ó sì ti ń san án. Ọmọ yẹn ló kọ gbogbo iṣẹ́ tó ṣe sínú ìwé, ó gbé e síwájú ọ̀gá. Ewé kan nínú ìwé ọ̀hún ni ìyá rẹ̀ fẹ́ fi di àkàrà fún mi lánàá. Mo kà á: omi, ẹ̀ẹ̀méjìdínlógún, fífọ ọkọ̀ ọ̀gá, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà, iná, ẹ̀ẹ̀kan.

Mo bi ọmọ náà pé iná wo nìyẹn. Ó ní lọ́jọ́ tí NEPA mú iná lọ, wọ́n ní kóun sáré ra àbẹ́là wá.