Igba Ojú Pé

Àwọn àgbà ní ojú mẹ́rin ní í bí ọmọ, igba ojú ní í wò ó. Ní Ilé-Ifẹ̀ tiwa yìí, igba ojú náà ti pé o. A jẹ́ 100 èèyàn nínú gúrúùpù WhatsApp àwọn òbí nílé-ẹ̀kọ́ aládàáni tí ọmọ mi ń lọ. Ẹ fi méjì-méjì ka ojú wa. Kò sẹ́ni tó ń jẹ́ orúkọ ara rẹ̀ níbẹ̀. Mọ́mì Lágbájá ni, Dádì Làkáṣègbè ni. Bí Mọ́mì Lágbájá bá béèrè àwọ̀ ìbọ̀sẹ̀ ọjọ́rú, ilẹ̀ á ṣú kí èsì tó tán.

Láìpẹ́ yìí, wọ́n ní kí àwọn ọmọ kíláàsì kejì fi páálí kọ́ ilé wá. Ọmọ mi fi páálí mílíìkì kọ́ tirẹ̀, ògiri rẹ̀ wọ́ bí eyín arúgbó. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Aago 12 òru lù mí níbi tí mo ti ń fi gọ́ọ̀mù lẹ fèrèsé. Ọmọ ti ń hanrun. Nígbà tí mo gbé ilé náà dé ilé-ẹ̀kọ́, mo rí i pé òbí kan ti lọ bá kápẹ́ńtà: tirẹ̀ ní pèpéle, ó kùn ún lọ́dà. Máàkì 18 nínú 20 ni mo gbà. Ó dùn mí dọ́kàn.

Owó ìtanràn sì wà fún ọmọ tó bá sọ Yorùbá. Ní Ifẹ̀ o! Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ mú ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́, wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò kẹ́yìn, nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Àwa ń sanwó kí àwọn ọmọ tiwa má baà sọ Yorùbá. Bó bá wá di ọjọ́ àṣà, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, a ó tún háyà agbádá fún wọn.

Níbi ìpàdé òbí àti olùkọ́ tó kọjá, wákàtí kan ààbọ̀ la fi jiyàn lórí aṣọ tí àwọn òbí máa wọ síbi ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́-jáde àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, ọmọ tí kò tíì lè nu imú ara rẹ̀, tí yóò dé fìlà onígun mẹ́rin bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló béèrè iye tí wọ́n ń san fún àwọn tíṣà. Wọ́n ní kí ó gba àdúrà ìparí fún wa.

A jáde, a tò lẹ́bàá géètì, Dádì Làkáṣègbè ń yà wá ní fọ́tò fún gúrúùpù. Gbogbo wa gbójú sókè, à ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn wa, bàbá tó ń ṣọ́ géètì ti bẹ̀rẹ̀ síwájú ọmọkùnrin kan, ó ń tú okùn bàtà rẹ̀. Tọ̀tún ló wà lẹ́sẹ̀ òsì, tòsì ló wà lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, láti òwúrọ̀.

"Ta ló wọ bàtà fún ọ báyìí?"

Ọmọ náà wo ọ̀tún, ó wo òsì, bóyá tíṣà wà nítòsí. Ó wá rọra fi Yorùbá dáhùn, mo sì mọ ohùn rẹ̀:

"Bàbá mi ni, sà."