Bí Mo Ṣe Fi Wáìnì Gun Òkè Montserrat

Ẹni tí a bí sí ìdí ọ̀pẹ, tí baba rẹ̀ ń dá ẹmu, tí ó sì ti mọ̀ láti kékeré pé ìwọ̀sí ńlá ni kí a bu ẹmu fún àlejò kí ó tu ú jáde lẹ́nu lójú onílé, kì í ṣe irú ẹni tí ó yẹ kí a mú lọ sí ilé ìpọn-wáìnì àwọn ará Catalonia. Ṣùgbọ́n aya mi Àbẹ̀kẹ́, ẹni tí ó pé 50 ọdún lọ́jọ́ náà, ni ó wù bẹ́ẹ̀: kí a tọ́ wáìnì wò láàárọ̀, kí a sì gun òkè Montserrat lọ́sàn-án lọ sí ilé àwọn mọ́ńkì, èyí tí mọ́ńkì àgbà tí ń jẹ́ Oliba dá sílẹ̀ ní 1025. Mo búra fún un pé n kò ní dójú tì í.

Sant Sadurní d'Anoia ni a kọ́kọ́ lọ, ìlú tí Josep Raventós ti ṣe wáìnì tí ń hó, èyí tí wọ́n ń pè ní cava, ní 1872. Ọmọbìnrin tí ń mú wa kiri ṣàlàyé nínú àjà-ilẹ̀ pé inú ìgò gan-an ni wáìnì náà ti ń hó lẹ́ẹ̀kejì, pé yóò wà níbẹ̀ fún oṣù 9 ó kéré tán, pé díẹ̀díẹ̀ ni a ó sì máa yí ìgò náà títí yóò fi dorí kodò, tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yóò kó sí ọrùn rẹ̀, kí a tó mú ọrùn náà dì, kí a ṣí i, kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ fò dànù. Èmi tí mo mọ iyì gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, àánú ṣe mí.

Nígbà tí a jókòó, tí wọ́n bu wáìnì tí kò tó ẹnu méjì sí ìsàlẹ̀ ife gàgàrà, mo rí i tí àwọn àlejò yòókù ń gbóòórùn rẹ̀, tí wọ́n ń fi yọ́nu, tí wọ́n sì ń tu ú sínú garawa kékeré kan. Ojú gbà mí tì. Kí a má baà kẹ́gàn onílé, mo mu tèmi tán, mo mu ti Àbẹ̀kẹ́, mo sì gba ti tọkọtaya arúgbó ará Jámánì tí ó jókòó tì wá. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Igbá tèmi, orí òkè ni mo rù ú dé.

Ní Martorell ni a ti pààrọ̀ ọkọ̀ ojú irin. Ibùdó méjì ló wà ní ẹsẹ̀ òkè náà: ní ti àkọ́kọ́, ọkọ̀ tí a so rọ̀ mọ́ okùn irin, tí ó ti ń ṣiṣẹ́ láti 1930, ní ti èkejì, rélùwéè eléyín. Tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè ló wà lápò mi, ibùdó àkọ́kọ́ ni mo fò sílẹ̀ sí, mo sì ń fọ́nnu pé mo mọ ọ̀nà. Àlejò lójú, kò fi ríran. A san owó mìíràn.

Nígbà tí a dé orí òkè, ère Màríà dúdú, tí wọ́n fi igi gbẹ́ ní ọ̀rúndún kejìlá, tí Póòpù Leo Kẹtàlá sì fi ṣe alábòójútó Catalonia ní 1881, ni gbogbo ènìyàn ń lọ kí. Gíláàsì bò ó, àfi ọwọ́ tí ó fi di ayé roboto mú, èyí tí olúkúlùkù ń fọwọ́ kàn kí ó tó kọjá. Bí mo ti rí ìyá aláwọ̀ dúdú lórí ìtẹ́, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí kì í: “Adúmáadán! Agbọ́mọ-lẹ́sẹ̀-gúnwà-lórí-òkè!” Ọ̀nà ibẹ̀ kò gba ju ẹnìkan lọ, nítorí náà gbogbo àwọn tí ó tò sẹ́yìn dúró lórí àtẹ̀gùn, ó sì wá ku bí n óò ṣe dìde. Tọkọtaya ará Jámánì yẹn, tí àwọn náà ti gun òkè wá, ni wọ́n fà mí ró.

Ní àdúrà ìrọ̀lẹ́, bí àwọn ọmọdékùnrin akọrin ibẹ̀ ti ń gbé ohùn sókè, èmi ń hanrun. Mọ́ńkì kan ni ó fọwọ́ tọ́ mi jí. Mo sọ fún Àbẹ̀kẹ́ pé Òfin Benedict Mímọ́, ní orí 40, fún àwọn mọ́ńkì láyè wáìnì ìwọ̀n kan lójúmọ́.

“Mo gbọ́ yín, baálé mi,” ni ó wí. “Ìwọ̀n kan ni ó wí, ti ènìyàn mẹ́rin ni ẹ mu.”

Ẹ̀yin tí ẹ bá ń lọ, ẹ kọ́kọ́ gun òkè kí ẹ tó lọ sídìí wáìnì. Bí rélùwéè eléyín ni ẹ sì san owó rẹ̀, ibùdó kejì ni kí ẹ ti sọ̀kalẹ̀.